Ta Ló Ni Ìdáríjì?

"A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́." Bí òwe kan bá wà tí àwọn àgbà wa ń lò bí ẹni ń lo iyọ̀, òun nìyẹn. Wọ́n ń pa á nígbà tí ọmọ ìyá méjì bá ń jà sí oko kòkó, wọ́n ń pa á nígbà tí onígbèsè bá ń sá fún olówó, wọ́n sì ń pa á nígbà tí ọkọ àti aya bá fẹ́ túká. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, òtítọ́ pọ̀ nínú òwe náà. Ẹni méjì tí wọ́n á tún pàdé lọ́jà lọ́la, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ìwé ìpẹ̀jọ́ ba gbogbo àárín wọn jẹ́.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, òwe kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi òwe yìí tẹ̀ rì, yálà ní Gbọ̀ngán ni o, yálà ní Ìkirè tàbí Àpòmù, yálà ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé bá lò ní ìlòkulò ni. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Ó ti tán, a ti dárí jì í"? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan ní Gbọ̀ngán, tí kò jìnnà sí oríta tí ọ̀nà Òṣogbo ti yà kúrò lára ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá ti sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ fi ojú rẹ̀ rí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àlejò ti kún pálọ̀. Àgbàlagbà kan láti inú ẹbí olùkọ́ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó ju bàbá ọmọ lọ lọ́jọ́ orí.

"Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde síta. Iṣẹ́ èṣù ni. Ọmọ yín, ọmọ tiwa náà ni."

Ẹnìkejì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ rò ó wò, bàbá. Obìnrin lọmọ yìí o. Bí gbogbo ìlú bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?"

Ẹnìkẹta ní, "Ọkùnrin yìí náà níyàwó, ó sì bímọ. A ó rí i pé wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tọ́jú ọmọ." Ó sì rọra gbé àpò ìwé kan tó wú sórí tábìlì.

Kí á má fi àwọn àlejò wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àánú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà ìlú. Bàbá tó jókòó síbẹ̀ kò lówó lọ́yà, kò mọ ẹnì kankan ní tèṣàn, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ọmọ òun yóò di ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sórí àga yẹn rí, kó má yára bú ẹni tó gba àpò ìwé. Síbẹ̀, ó yẹ ká bi í léèrè bóyá ohun tó gbà yẹn jẹ́ tirẹ̀ láti gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tó rọrùn. Bí mo bá jẹ yín ní ₦10,000, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ pé kí n má san án mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè bá yín dárí rẹ̀ jì mí. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá gba ₦2,000 lọ́wọ́ mi, tó ní kí n máa lọ, gbèsè yín ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló ni ìdáríjì. Nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, ta ni wọ́n jẹ ní gbèsè? Ọmọ ni. Ara ọmọ ni wọ́n bà jẹ́, oorun ọmọ ni wọ́n gbà, ìwé tí ọmọ ń kà ni wọ́n sọ di ohun ẹ̀rù fún un. Bàbá ní ìrora tirẹ̀, lóòótọ́, ó sì lè dárí ìrora tirẹ̀ jì. Èyí tó jẹ́ ti ọmọ kò sí lápò rẹ̀.

Ẹnì kan lè dáhùn pé, "Ọmọdé ni. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣojú fún un nínú ohun gbogbo. Bàbá ló yan ilé-ìwé fún un, kí ló dé tí kò lè yan àlàáfíà fún un?" Ìbéèrè tó dára ni. Bàbá máa ń yan ohun tí ó rò pé yóò ṣe ọmọ láǹfààní. Ẹ wá jẹ́ ká ka àǹfààní tó wà nínú ìparí ìjà inú pálọ̀ yìí. Olùkọ́ kò pàdánù iṣẹ́, ẹbí olùkọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, ilé-ìwé mú orúkọ rere rẹ̀ dání, bàbá gba owó díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rí nǹkan kan mú lọ ni ọmọ. Ohun tó kù fún un ni àṣẹ pé kó panu mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ yẹn ni yóò máa kó o fún ogún ọdún, tí yóò sì máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé àṣírí tí wọ́n ń bò yìí, bóyá ẹ̀bi tòun ni wọ́n ń bò.

Òfin wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Orí 31 nínú òfin 2003 náà ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì sí àwáwí pé ọmọ náà gbà tàbí pé ó dà bí àgbà lójú òun. Ẹ wo ìdí tó wà nídìí èyí. Bí ọmọ kò bá lè gbà kí wọ́n ṣe é, báwo ni yóò ṣe lè gbà pé kí wọ́n gbàgbé rẹ̀? Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì lè gbà, ta ló fún wa láṣẹ láti bá a gbà?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àlejò inú pálọ̀ kì í sọ, bóyá nítorí pé àwọn náà kò mọ̀. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà láti 1916, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Criminal Code, orí 127 sọ pé ẹni tó bá gba owó tàbí àǹfààní kí ó lè bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀, tàbí kí ó má bàa gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú, òun náà ti di ọ̀daràn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bò bá jẹ́ èyí tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, ẹni tó gbowó lè fi ọdún méje jẹ ẹ̀wọ̀n. Àpò ìwé orí tábìlì yẹn kì í ṣe owó ìtọ́jú. Ìdẹkùn ni. Bàbá tó wọ pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùfisùn lè jáde níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí arúfin.

Kí ló mú kí òfin le tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ilé kan. "A ó gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn." Ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Ilé-ìwé mìíràn wo? Bí ó bá kúrò ní Gbọ̀ngán, tó dé Ìkirè, àwọn ọmọ Ìkirè ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Àpòmù ńkọ́? Ìtàn ilẹ̀ wa kò gbàgbé Àpòmù. Nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà ńlá ni, níbi tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn kan ń jí àwọn tó wá nájà gbé níbẹ̀, wọ́n ń tà wọ́n sóko ẹrú, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ohun tó dá ogun tó ba ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ sílẹ̀. Ọjà kò lè dúró bí ẹni tó wá síbẹ̀ kò bá ní ìdánilójú pé òun yóò padà sílé. Ilé-ìwé rí bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ni a ń fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ọ̀sán ni a ń gbà á padà, láàárín méjèèjì a kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá da irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀, gbogbo òbí ìlú ló dà. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ rẹ̀ fi jẹ́ ti ìjọba, tí kì í ṣe ti ẹbí kan péré.

Àwọn kan á ní, "Òfin wà nínú ìwé ni, ta ni wọ́n ti mú rí?" Wọ́n ti mú ènìyàn, kò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà sílẹ̀ lórí fóònù tàn káàkiri. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti wá, ibi tí ọkọ̀ kò ní lò tó wákàtí kan dé láti Gbọ̀ngán. Nínú rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele ń béèrè ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà kí ó tó lè fún un ní máàkì. Yunifásítì ṣe ìwádìí, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àjọ ICPC gbé e lọ sí Kóòtù Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà pé òun jẹ̀bi, lẹ́yìn tí òun àti ìjọba ti jọ fẹnu kò, nígbà tó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2018, Adájọ́ Maureen Onyetenu rán an lẹ́wọ̀n. Bí a bá ṣírò ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọdún mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọdún méjì ló jẹ́.

Àwọn kan ní ọdún méjì kéré. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìparí ọ̀rọ̀ yìí wé ti inú pálọ̀. Níbí náà, wọ́n dúnàádúrà. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n sì ti ṣe é, níwájú adájọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí yunifásítì kankan tó lè gbà á síṣẹ́ lọ́la kó ní òun ò gbọ́.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní Ifẹ̀ ti dàgbà, ó ń kàwé gboyè kejì. Ọmọ kékeré ńkọ́? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2019, Adájọ́ Sybil Nwaka ní kóòtù àkànṣe tó wà ní Ìkẹjà rán alábòójútó ilé-ìwé aládàáni kan ní Lẹ́kkí lẹ́wọ̀n ọgọ́ta ọdún. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ní 2016. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹbí náà fi dúró. N kò ní tan yín jẹ: ẹjọ́ máa ń pẹ́, ó sì máa ń tánni lókun. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ohùn ọmọ kékeré yẹn gbọ́.

Kí ni ẹbí lè ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ìwà rere tí kò mọ ọ̀nà kì í débi kankan.

Ọsibítù ni ibi àkọ́kọ́, kódà ṣáájú tèṣàn bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ má wẹ ọmọ, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe inú náílọ́ọ̀nù. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Èyí tó ń dènà oyún náà wà fún ọmọ tó ti ń rí nǹkan oṣù, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé kó kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀. Ìwé yẹn lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kí àgbàlagbà tó mọ̀wé bá yín lọ. Bí tèṣàn tó wà nítòsí bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá wà ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá ti parí ìwádìí, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ló ń bá a lọ sí kóòtù. Ẹbí kò ní sanwó fún lọ́yà ìjọba. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ẹ má sì dúró títí di ọdún tó ń bọ̀. Òfin 1916 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi oṣù méjì péré sílẹ̀ fún ẹ̀sùn bíba ọmọdébìnrin jẹ́. Orí 31 inú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kì í dúró de ẹni tó ń ṣiyè méjì. Ó tún yẹ ká mọ̀ pé lábẹ́ orí 209 Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lè sọ̀rọ̀ ní kóòtù láìbúra bí ó bá lóye, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé dókítà nìyẹn. Ní ti orúkọ ọmọ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ kò gbà kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó gba olùkọ́ náà síṣẹ́ àti sí ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Wọ́n lágbára láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Lílé e lẹ́nu iṣẹ́ nìkan kò rọ́pò ẹjọ́, nítorí ẹni tí wọ́n lé lónìí lè ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àdáni lọ́la.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹbí fúnra wọn lè pe olùkọ́ àti ilé-ìwé lẹ́jọ́ fún owó gbà-máà-bínú. Bí wọ́n bá gbé e gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, orí 34 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999 ló dáàbò bo iyì ènìyàn, ìlànà 2009 fún irú ẹjọ́ yẹn kò sì fi àkókò dè é. Ẹni tí kò lówó lè lọ bá Legal Aid Council tàbí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA.

Nígbà náà ni ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí bàbá má gbowó?" Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Owó pálọ̀ ń ra ìdákẹ́jẹ́. Owó kóòtù ń tẹ̀lé òtítọ́ tí wọ́n ti sọ síta. Ní Kẹ́ńyà, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé bá ọmọbìnrin méjì jẹ́ ní 2010. Ní oṣù karùn-ún 2015, Adájọ́ Mumbi Ngugi ní kì í ṣe ọkùnrin náà nìkan ni yóò sanwó. Àjọ tó gbà á síṣẹ́ àti ìjọba wà nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù méjì owó ṣílè Kẹ́ńyà ni fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, mílíọ̀nù mẹ́ta fún èkejì. Ó tún bẹnu àtẹ́ lu àṣà gbígbé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan gbà ní 2018 láti san 500 mílíọ̀nù dọ́là nítorí dókítà rẹ̀ kan, Larry Nassar, tó ti ń ba àwọn ọmọbìnrin jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ bá di ohun tó wọ́n, ilé-ìwé á kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ.

Ẹ̀rù kan kù tí kò yẹ ká fojú fò. Bí olùkọ́ náà kò bá ṣe é ńkọ́? Ọmọ ènìyàn ni òun náà, wọ́n sì lè purọ́ mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kóòtù gan-an ni ààbò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, lọ́yà rẹ̀ á bi ẹlẹ́rìí léèrè, adájọ́ kò sì ní dá a lẹ́bi bí iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá bá kù. Pálọ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni láre. Aláìṣẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ bá sáré gbé owó kalẹ̀ ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ìlú títí láé, ẹlẹ́ṣẹ̀ tó sì sanwó a máa rìn káàkiri bí aláìṣẹ̀. Ìparí ìjà tó sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan náà, kì í ṣe àlàáfíà.

Ẹ má sọ pé mo ní ìdáríjì kò dára. Ó dára. Bóyá lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọmọ yẹn bá ti di obìnrin ọgbọ̀n ọdún, yóò fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti dárí jì í. Tirẹ̀ ni láti sọ, tirẹ̀ náà sì ni láti má sọ ọ́. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a má tà á kí olóhun tó dé.

A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ ta là ń wá? Bàbá yẹn lè pàdánù ọ̀rẹ́ ẹbí olùkọ́, kí àwọn kan sì má kí i mọ́ lọ́jà Gbọ̀ngán fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pàdánù ni èyí tó jókòó sínú yàrá kejì, tó fi etí sí ògiri, tó ń gbọ́ bóyá bàbá òun yóò gbé àpò ìwé yẹn tàbí yóò dá a padà.